Àmì Tó Kọjú Sókè

Ẹni tó bá mọ Bámiṣayé káfíńtà ní Lokoja nígbà náà mọ̀ pé kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú tó kí wọ́n gbé igi wá síwájú rẹ̀ kí wọ́n ní, "Bàbá, igi wo lèyí?" Yóò gbé igi náà sókè, yóò fi èékánná ha á, yóò gbóòórùn rẹ̀, nígbà míì á tilẹ̀ fi ahọ́n kàn án. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ orúkọ igi ọ̀hún, irú ilẹ̀ tó ti hù, àti bóyá ìgbà òjò tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n gé e. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ní bí ọkọ òun bá mọ ènìyàn bó ṣe mọ igi ni, ilé àwọn ì bá tòrò. Ọkùnrin náà kò burú o. Ìyìn ló fẹ́ràn, ìyìn náà ló sì kó bá a.

Ọmọ Oworo ni, láti abúlé kan lórí òkè Agbaja. Odó àti ọmọ odó ni baba rẹ̀ gbẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bámiṣayé fẹ́ ju baba rẹ̀ lọ, ó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Kaduna, nígbà tó sì padà dé lọ́dún 1974, ẹ̀rọ tó ń yí igi ló gbé bọ̀. Wọ́n máa ń de igi mọ́ ẹ̀rọ náà ní ìbú, iná mànàmáná á máa yí i bìrí, káfíńtà á wá fi irin ẹlẹ́nu mímú kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí á fi rí róbótó. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ tábìlì àti ọmọ odó aláràbarà ló fi ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Karaworo. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ní ìparí ọdún 1989, nígbà tí Lokoja ṣì wà lábẹ́ Kwara, Tíṣà Mákánjúọlá gbé àpò gígùn kan wá bá a. Ọmọ Yagba ni tíṣà yìí, òun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú. Ó ti lọ gba ẹ̀kọ́ ní Ilorin, eré tuntun kan ló sì kó bọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré.

"Òkun o, Bàbá."

"Òkun o, Tíṣà," Bámiṣayé dá a lóhùn, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lápá ibẹ̀ nìyẹn. "Kí lẹ dì sínú àpò bí ẹran ìgbẹ́ báyìí?"

Tíṣà kó báàtì mẹ́ta jáde, ohun tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ ti gbó, ó wúwo, ọrùn rẹ̀ àti orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

"Bó ṣe rí láyé àtijọ́ nìyí," Tíṣà ní. "Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù á gbẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá ṣe wù ú ló ṣe máa gùn tó. Igi tó bá le jù ni wọ́n máa ń wá."

"Ọmọ odó ni," Bámiṣayé dáhùn.

"Ọmọ odó náà ni. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé kì í ṣe ìwúwo igi ló ń gbé bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, bí orí rẹ̀ bá ṣe yára tó nígbà tí wọ́n bá fì í ni. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fá ọrùn rẹ̀. Wọ́n fá a títí ó fi dà báyìí." Ó fọwọ́ kan èkejì, tí orí rẹ̀ sanra, tí ọrùn rẹ̀ sì tín-ínrín. "Nígbà tó tún yá, àwọn òyìnbó ní kí làwọn ń bá igi fà sí. Wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ẹ̀kẹta yìí. Inú rẹ̀ ṣófo. Kì í kán."

Bámiṣayé gbé ti alumíníọ̀mù náà, ó kàn án mọ́ etí tábìlì, ó dún kọ̀ọ́n. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ṣòkòtò.

"Ìkòkò ọbẹ̀ lèyí. Ẹ bá mi dá a padà sínú àpò."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ohun tó gbé e wá. Àwọn tó ń ṣe àkóso eré ìdárayá ń bọ̀ láti Ilorin lóṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ láti wá ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ tó lè wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀. Báàtì mẹ́ta yìí kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́, ńṣe ni wọ́n yá òun, òun sì máa dá wọn padà. Ṣé Bàbá lè ṣe mẹ́fà, kó jẹ́ irú èkejì yẹn?

"Mẹ́fà? Ẹ kà á sí èyí tó ti parí."

"Igi tó gbẹ dáadáa ni o, Bàbá. Kí iṣan rẹ̀ sì tọ́ gbọọrọ láti ìdí dé orí. Ibi tí iṣan igi ti tò jọ bí ìlà inú ìwé ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ bà. Ibi tí iṣan ti fẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ fi irin gbígbóná tẹ àmì sí. Ẹni tó bá dì í mú á jẹ́ kí àmì yẹn kọjú sókè. Bó bá yí i lọ́wọ́, tí àmì kọjú síwájú tàbí sílẹ̀, igi máa kán."

Igi àyìn ni Bámiṣayé mú. Ẹni tó bá ń roko lápá ibẹ̀ mọ àyìn, òun ni wọ́n fi ń ṣe igi ọkọ́ àti igi àáké, kì í jáni kulẹ̀. Márùn-ún wà lórí àjà ilé ìdáná rẹ̀, èéfín ti fẹ́ lù wọ́n fún ọdún méjì gbáko. Ẹ̀kẹfà ni kò sí. Ì bá sọ fún Tíṣà pé márùn-ún ló wà. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Ó ti ní mẹ́fà, ó sì ti fọ́nnu nípa mẹ́fà náà létí gbogbo ẹni tó bá yà ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó lọ kí àwọn ará ilé ní Agbaja, ó gé àyìn tútù kan bọ̀. Ó rántí pé baba òun kò gbẹ́ igi gbígbẹ rí láyé. Ìdí igi níbi tó wó sí ni baba ti ń gbẹ́ ọmọ odó, nígbà tí igi ṣì rọ̀ lẹ́nu àdá, ọmọ odó baba náà sì ń gúnyán fún ogún ọdún. Kí ló wá fẹ́ ṣe igi eré ọmọdé?

Igi tútù náà gbọ́ràn lórí ẹ̀rọ ju àwọn márùn-ún yòókù lọ. Ó fá ọrùn rẹ̀ tín-ínrín, ó tẹ àmì sí i lára, ó sì fi egungun itan màlúù ha mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ ha wọ́n bọ̀ kí ara wọn lè le kó sì máa dán, nítorí Tíṣà sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà láyé àtijọ́ ṣe ń ṣe é. Àwọn aládùúgbò wá ń wò ó. Inú rẹ̀ dùn.

Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an lóṣù náà. Ó ku ọjọ́ méjì kí Tíṣà wá kó ẹrù rẹ̀ ni Bámiṣayé gbé ẹ̀kẹfà sójú oòrùn, ó sì rí ìlà kan lọ́rùn rẹ̀. Kò fẹ̀ ju irun orí lọ, kò sì gùn ju ìka kan lọ. Igi ti là.

Ní abúlé wọn, bí ọmọ odó bá là, wọn kì í sọ ọ́ nù. Wọ́n á rì í sómi, igi á mumi, á wú, ìlà á sì padé bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Wọ́n á máa fi gúnyán lọ, ọ̀rinrin iṣu kò sì ní jẹ́ kó tún là. Ohun tí Bámiṣayé ṣe nìyẹn. Ó ri igi náà sínú àgbá omi, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìlà ti padé. Ó po iyẹ̀ igi mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí ojú ibẹ̀, ó kùn ún ní fáníìṣì, ó sì fi túùbù kẹ̀kẹ́ wé ọrùn rẹ̀ bó ṣe wé ti àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ó mọ̀ pé kò tọ́. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé igi tí wọ́n máa kó sínú sítóò gbígbẹ kì í ṣe ọmọ odó tó ń mumi iṣu lójoojúmọ́. Ó dá ọkàn rẹ̀ lóhùn pé eré ọjọ́ kan ni, kò ní ṣe nǹkan kan.

Tíṣà kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ, ó ń dúpẹ́ bí ẹni pé wọ́n kọ́lé fún un.

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kejì ni àyẹ̀wò náà. Wọ́n fi Bámiṣayé jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn àlejò Ilorin, Tíṣà sì ní kó dìde, kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin tó fi igi ilẹ̀ wa ṣe ohun tí òyìnbó ń ṣe. Ó dìde. Nígbà tí àtẹ́wọ́ fẹ́ rọlẹ̀, ó tún dìde lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ọmọ méjì ni ojú gbogbo ènìyàn wà lára wọn. Jímọ̀ ni ọ̀kan, ọmọ ogún ọdún, ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé Bámiṣayé gan-an. Òun ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Kọ́lápọ̀ ni èkejì, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹni tó máa gbá a. Ọmọ Ijumu ni, ìyá rẹ̀, Màmá Martha, ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Láti ìwé kìíní ni àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó sórí àga kan ní kíláàsì, bí o bá sì rí ọ̀kan tó ń jẹun, èkejì wà nídìí àwo náà.

Nígbà tó kan Jímọ̀, ó mú báàtì bíi mẹ́ta, ó ń fì wọ́n wò. Èyí tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu jù ló mú. Bámiṣayé dá a mọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì. Kò sí bí yóò ṣe ṣe é tí kò ní dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀kẹfà ni.

Ó la ẹnu. Ó rí àwọn ará Ilorin lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ó sì pa ẹnu náà dé. Ó ti dìde lẹ́ẹ̀mejì fún ìyìn, ẹ̀ẹ̀kan tó yẹ kó dìde fún ọmọ ọlọ́mọ, ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì.

Kọ́lápọ̀ ju bọ́ọ̀lù, Jímọ̀ gbá a. Kò dún bí igi tó gbá bọ́ọ̀lù, ó dún bí ẹ̀ka igi tó ya. Ọrùn báàtì kù sọ́wọ́ Jímọ̀. Orí rẹ̀ fò lọ, ó ń yí bí ó ṣe ń lọ, ó sì bá Kọ́lápọ̀ lójú òsì. Ọmọ náà kò ké. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn tó kù lórí pápá kóra jọ yí Jímọ̀ ká. "Na him turn the bat?" dírẹ́bà kan bi ẹni tó dúró tì í, ó fẹ́ mọ̀ bóyá Jímọ̀ ló yí igi lọ́wọ́. Jímọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣa orí rẹ̀ níbi tó balẹ̀ sí, ó sì kó méjèèjì bá Bámiṣayé.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ igi. Ẹ bá wa wò ó. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Bámiṣayé wo ojú ibi tó ti kán. Iyẹ̀ igi àti gọ́ọ̀mù tó fi dí i wà níbẹ̀, ó hàn kedere sí ẹni tó bá mọ ohun tó ń wò. Ó fi àtàǹpàkò bò ó. Ó gbójú sókè, ó rí Jímọ̀ tó ń wò ó, tó ń retí ohun tí yóò wí.

"Ó yí i lọ́wọ́ ni," ó ní. "Àmì ti kọjú sílẹ̀."

Ẹyin lohùn. Èyí balẹ̀, ó sì fọ́, kò sì sí ẹni tó lè kó o jọ mọ́. Tíṣà mi orí, ó ní àìmọye ìgbà lòun kìlọ̀ àmì yẹn fún wọn. Jímọ̀ la ẹnu díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́. Níbo ni ọmọ Oworo ti máa já àgbà abúlé rẹ̀ nírọ́ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn? Ó tẹrí ba.

Bámiṣayé ní òun á kó igi náà dání kóun lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa nílé. Abẹ́ ìkòkò ẹ̀wà ìyàwó rẹ̀ ló kó o sí. Ó dúró tì í títí ó fi jóná tán. Kò jẹ nínú ẹ̀wà náà.

Ojú òsì Kọ́lápọ̀ kò là mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Jímọ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀ Màmá Martha. Láàárọ̀ kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, á pọn omi. Bó bá dé lọ́sàn-án, á la igi, á fọ aṣọ Kọ́lápọ̀, á tún jókòó kọ ìwé tí Kọ́lápọ̀ kò lè kọ, torí ojú kan tó kù tètè máa ń rẹ̀ ẹ́. Ìdánwò àṣejáde wọn parí, kò padà sí Agbaja, ó ń pọn omi lọ. Màmá Martha ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Jímọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Bámiṣayé ni ọ̀nà omi gbà kọjá. Lójoojúmọ́, lẹ́ẹ̀mejì, Jímọ̀ á sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Òkun o, Bàbá." Bámiṣayé á ní, "Òkun o," á sì yára yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún. Ojú ń tì í débi pé nígbà tó bá gbúròó kẹ́ẹ̀gì lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń sá sí. Àgbà tó ń sá fún ìkíni ọmọdé.

Ó wá ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ á fi fúyẹ́. Ó kan tábìlì àti àga fún Kọ́lápọ̀, ó gbé e lọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá Martha kúnlẹ̀ kí i, ó gbàdúrà fún un, ó dárúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀ nínú àdúrà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bámiṣayé ṣe àmín. Àmín náà korò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan ti gbé igi wá, ó ní, "Bàbá, igi wo lèyí?" Ó ní òun kò mọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ni lẹ́tà dé láti Ilorin. Àwọn tó wá ṣàyẹ̀wò kò gbàgbé Jímọ̀. Wọ́n fẹ́ kó wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, wọ́n á fún un ní ibi tí yóò máa sùn, wọ́n á sì fi í sí iṣẹ́ kékeré kan. Ó pẹ́ tán, kó dé Ilorin ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á mú ẹlòmíràn. Jímọ̀ ka lẹ́tà náà, ó ká a, ó sì ní òun kò lọ.

Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ Jímọ́ọ̀ náà ni ìyá rẹ̀, Adéòkè, sọ̀ kalẹ̀ láti Agbaja, tòun ti eruku lára. Ilé ọmọ rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ yà, ṣọ́ọ̀bù Bámiṣayé ló yà.

"Òkun o, Bàbá wa."

"Òkun o, ìyá Jímọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Kò sí àlàáfíà." Ó jókòó sórí igi, ó tú gèlè, ó sì tún un wé. "Jímọ̀ ní ọwọ́ òun ló fọ́ ojú ọ̀rẹ́ òun, òun kò ní fi ọwọ́ náà mú igi mọ́ láé. Tíṣà bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Kọ́lápọ̀ gan-an bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Oko ni baba rẹ̀ kú sí, Bàbá, ẹ mọ̀. Mo ti ní kí eléyìí má kú sóko. Ẹ̀yin ló kù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ bá mi sọ fún un pé ènìyàn lè yí igi lọ́wọ́ láìmọ̀. Ẹ ní kó dárí ji ara rẹ̀. Ẹnu yín ló máa gbọ́."

Ẹnu yín ló máa gbọ́. Bámiṣayé wo obìnrin náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì wọ̀ ọ́ lára ju bí èébú ì bá ti wọ̀ ọ́ lọ. Ẹnu yìí náà ló gbọ́ lóṣù kejì, ẹnu yìí náà ló sì dè é mọ́ kẹ́ẹ̀gì omi. Bó bá ṣe ohun tí obìnrin yìí bẹ̀ ẹ́, tó ní kí ọmọ dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá ji ara rẹ̀, ṣé òun ṣì jẹ́ ènìyàn? Ó pa iná ẹ̀rọ, ó gbọn iyẹ̀ igi kúrò lára.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ní àgbàlá Màmá Martha, Jímọ̀ ń la igi, Kọ́lápọ̀ jókòó lórí àga tí Bámiṣayé kàn fún un, Tíṣà Mákánjúọlá sì wà níbẹ̀, nítorí gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú ló máa ń wá ka ìwé fún Kọ́lápọ̀. Màmá Martha ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́. Ó kó àga jáde fún àwọn àlejò, ó bu omi sí ife, ó gbé ọ̀kan síwájú Adéòkè, ó gbé ọ̀kan síwájú Bámiṣayé lórí àpótí kékeré, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún àlejò.

Bámiṣayé kò dúró kí wọ́n kí ara wọn tán.

"Jímọ̀, ju àáké yẹn sílẹ̀. O ò yí igi kankan lọ́jọ́ yẹn. Àmì kọjú sókè. Igi náà ló ti là nínú, mo rí i nígbà tí Tíṣà gbé e fún mi. Mo parọ́ mọ́ ọ."

Jímọ̀ kò ju àáké sílẹ̀, ó kàn rọra fi orí àáké náà kanlẹ̀.

"Mo rí àmì náà," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Kí Kọ́lápọ̀ tó ju bọ́ọ̀lù, mo wò ó. Ó wà lókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ sọ̀rọ̀, Bàbá, mo ní ojú mi ló tàn mí, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ igi. Oṣù méje ni mo ti ń bá ojú ara mi jà."

Adéòkè bú sẹ́kún, ó fi etí gèlè nu ojú. Kọ́lápọ̀ na ọwọ́, ó di apá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ṣé o ti gbọ́ báyìí? Ilorin lò ń lọ lọ́la. Mo ti ń sọ fún ẹ, orí rẹ ló le."

Jímọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ara Bámiṣayé rọ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú, ó nù ún, ó sì tún un wọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. "Ó dùn mí, Bàbá, mi ò ní parọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà yín lọ́jọ́ yẹn, ó sì lè ba ẹnikẹ́ni. Igi kò ní fèrèsé. Ta ló lè mọ̀ pé ohun tó dán bẹ́ẹ̀ ti là nínú?"

Màmá Martha mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ló fẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní níkẹyìn. "Mo gbà. Ẹ mu omi yín, Bàbá. Oòrùn pa yín wá."

Bámiṣayé na ọwọ́ sí ife náà. Jímọ̀ ti dòmìnira, Ilorin ti di lílọ. Kò sí ohun tó kù láti ṣe ju kó mu omi, kó súre fún àwọn ọmọ, kó sì máa lọ sílé.

"Bàbá," Kọ́lápọ̀ pè é. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ̀. "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti là?"

Ọwọ́ Bámiṣayé dúró lẹ́nu ife. Ìdáhùn ti wà nílẹ̀, Tíṣà ti bá a wá àwáwí, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ìlàjì rẹ̀: nígbà tí wọ́n gbé e fún mi lórí pápá. Ẹlẹ́rìí kò sí, iná ti jó o. Kò sì sí ẹni tí èyí tó kù ṣe láǹfààní, kò lè la ojú ẹnikẹ́ni. Ó gbójú sókè, ó sì bá ojú kan ṣoṣo tó kù fún ọmọ náà pàdé. Ojú yẹn gbà á gbọ́ kó tó sọ̀rọ̀ rárá, bí ti Jímọ̀ ṣe gbà á gbọ́ lórí pápá.

"Kí Tíṣà tó wá kó wọn," ó ní. "Igi tútù ni mo lò, ó là lọ́wọ́ mi. Mo rì í sómi kí ìlà lè padé, mo sì fi rọ́bà wé e. Nígbà tí Jímọ̀ mú un lọ́jọ́ yẹn, mo dá a mọ̀. Mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jókòó."

Tíṣà yíjú sí ògiri. Adéòkè dákẹ́ ẹkún. Kọ́lápọ̀ ṣì ń wò ó, ó jọ pé ó ń retí kó fi nǹkan kan kún un, kò sì sí nǹkan kan láti fi kún un.

Màmá Martha dìde. Ó tẹ̀ ba, ó gbé ife omi tí Bámiṣayé kò tíì mu kúrò níwájú rẹ̀, ó sì gbé e wọlé.